Olùṣètò Àyíká: Ọ̀nà Iṣẹ́ Rẹ̀ àti Ayé Rẹ̀ Lẹ́yìn Iṣẹ́

Nígbà tí a bá péjọ báyìí, ọ̀rọ̀ kan kì í ṣàìjẹyọ: kí ni àwọn ọmọ wa yóò fi ayé wọn ṣe? Kò sí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ dókítà, ti agbẹjọ́rò àti ti ẹnjiníà. Iṣẹ́ tí ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lé lórí kò gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí agbolé kan ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́ tí ọ̀ràn rẹ̀ kò kàn. Iṣẹ́ olùṣètò àyíká ni.

Kókó ẹ̀kọ́ náà nìyí. Ilé ẹ̀kọ́ gíga lè fún ènìyàn ní ìwé ẹ̀rí olùṣètò, ìjọba sì lè fún un ní àṣẹ. Bí ó bá ti ń gbé láàárín àwọn aládùúgbò rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ ni a ó fi mọ̀ bóyá ètò tí ó ṣe yóò dúró. Nítorí náà, a ó yẹ ọ̀nà iṣẹ́ náà wò, a ó sì yẹ ayé olùṣètò lẹ́yìn iṣẹ́ wò pẹ̀lú.

KÍ NI OLÙṢÈTÒ ÀYÍKÁ Ń ṢE?

Bí ènìyàn bá ra ilẹ̀, awọnlẹ̀ ni yóò wọ̀n ọ́n, tí yóò sì ri òpó ààlà mọ́lẹ̀. Ayàwòrán ilé ni yóò ya ilé tí a fẹ́ kọ́ sórí ìwé. Ẹnjiníà ni yóò ṣírò bí ìpìlẹ̀ yóò ti jìn tó. Olùṣètò ni ẹni tí ó yẹ kí ó ti sọ̀rọ̀ kí gbogbo àwọn wọ̀nyí tó bẹ̀rẹ̀. Òun ni ó ń béèrè pé: ǹjẹ́ ó tilẹ̀ yẹ kí ilé wà níbí? Bí òjò bá rọ̀, ibo ni omi àdúgbò yìí ń gbà kọjá? Bí a bá dí ojú ọ̀nà omi náà, ilé ta ni yóò yà sí? Ilé iṣẹ́ tí a fẹ́ gbé kalẹ̀, ìhà ibo ni atẹ́gùn yóò máa fẹ́ èéfín rẹ̀ sí? Ibo ni àwọn ọmọ yóò gbà dé ilé ẹ̀kọ́ láìsáré kọjá níwájú ọkọ̀? Àbàtà wo ni kí a fi sílẹ̀ fún ẹja àti ẹyẹ, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kàn án?

Àwọn baba wa mọ ìdí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní ilé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Olùṣètò àyíká ni ẹni tí gbogbo onílé yàn láti bá àgbàrá sọ̀rọ̀ kí òjò tó ṣú. Bí ó bá sọ ọ́ dáadáa, kò sí ẹni tí yóò rí iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ń fi hàn. Èyí wà lára ìdí tí iṣẹ́ náà kò fi ní òkìkí.

ÌDÍ TÍ Ó FI KAN ÌKÒRÒDÚ ÀTI Ẹ̀PẸ́

Ìpínlẹ̀ Èkó ní ẹkùn 5: Ìkẹjà, Badagry, Ìkòròdú, Èkó àti Ẹ̀pẹ́. Ọ̀sà ni ó so Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ pọ̀. Láyé àtijọ́, ojú omi ni àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ń gbà dé Èkó, èbúté Ìkòròdú àti ti Ẹ̀pẹ́ ni ẹrù wọn sì ń gbà kọjá. Títí di òní, ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ń bọ́ ẹgbàágbèje ìdílé tí wọn kò mọ ìlú náà rárá. Ìwàláàyè àwọn ìlú wa méjèèjì wà lọ́wọ́ omi.

Nísinsin yìí, ilẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń wá débẹ̀. Èkó ti kún, ó sì ń ṣàn sí ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 2015 ni ìjọba fẹ ọ̀nà Mile 12 sí Ìkòròdú lójú, tí bọ́ọ̀sì BRT sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ní ìhà kejì, ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí tí ó jẹ́ apá kan ẹkùn Ẹ̀pẹ́, wọ́n ṣí èbúté ọkọ̀ òkun Lẹ́kìí ní ọdún 2023, ní ọdún kan náà ni wọ́n sì ṣí ilé ìfọpo Dangote. Ibi tí iṣẹ́ bá dé, ilé yóò tẹ̀ lé e. Ilẹ̀ tí ó jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ lánàá ti di ilẹ̀ títà, àbàtà tí ó sì jẹ́ ibùgbé ẹja ni a ń kó yanrìn dà sí kí a lè fi ilé sórí rẹ̀.

Kí ni àbàtà ń ṣe fún wa? Ó dà bí kànìnkànìn. Nígbà òjò, ó ń fa omi mu. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Láàárín igi inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹja ti ń dàgbà kí wọ́n tó jáde sí ọ̀sà. Bí a bá fi yanrìn dí i, omi tí ó máa ń gbà kò ní parẹ́. Yóò wá ibòmíràn lọ ni, ibòmíràn náà sì lè jẹ́ yàrá ìsùn aládùúgbò wa.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí ojú rí. Odò Ògùn ń ti òkè wá, ó ń gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì ń dà sínú ọ̀sà ní ìhà Ìkòròdú. Ìdídò Ọ̀yán, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1983, wà lórí ọ̀kan nínú àwọn odò tí ń bọ́ sínú rẹ̀. Bí òjò bá pọ̀ tí ìdídò náà sì kún, àwọn olùtọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tú omi sílẹ̀ kí ó má baà wó. Omi yẹn a sì sọ̀ kalẹ̀ wá bá àwọn tí ó kọ́lé sí ojú ọ̀nà rẹ̀ ní Ìṣẹrì àti ní Ajégúnlẹ̀ ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, omi lé ọ̀pọ̀ ìdílé jáde kúrò nílé ní Ajégúnlẹ̀ yìí. Òjò Èkó nìkan kọ́ ni ó ṣe é. Omi tí ó ti Ìpínlẹ̀ Ògùn wá wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá wo ilẹ̀ ara rẹ̀ nìkan kì í rí irú ewu bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a kọ́ láti wo odò láti orísun dé ẹnu rẹ̀ ni ó lè rí i.

Ẹ̀KỌ́ LÁTI INÚ ÌTÀN ÈKÓ

Iṣẹ́ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí àárín wa. Ní ọdún 1924 ni àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àwọn àdúgbò tí ilé ti fún mọ́ra. Ìyẹn ni ó sún ìjọba òyìnbó láti dá ìgbìmọ̀ tí a mọ̀ sí LEDB sílẹ̀ ní ọdún 1928, kí ó lè tún ìlú náà ṣe. Àìsàn ni ó kọ́kọ́ kọ́ Èkó pé àìṣètò ń pani.

Ṣùgbọ́n ètò tí kò ka ènìyàn sí ń pani lára pẹ̀lú. Láti ọdún 1955, ìgbìmọ̀ kan náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé kan ní àárín gbùngbùn Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn onílé lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tuntun náà dára, ó ní atẹ́gùn. Síbẹ̀, ìyá tí ó ń tajà ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ kò rí oníbàárà mọ́, ẹbí tí ó ti ń jẹun nínú àwo kan sì wá di ẹni tí ń wọkọ̀ kí wọ́n tó fojú kan ara wọn. Ní oṣù keje ọdún 1990, nígbà tí ìjọba ológun lé àwọn ará Màrókò kúrò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ni ó pàdánù ilé láàárín ọjọ́ díẹ̀. A rántí ọ̀ràn wọ̀nyí nítorí àwọn ọmọ wa tí yóò ṣe iṣẹ́ náà lọ́la. Ilẹ̀ tí ó wà nínú máàpù dà bí ilẹ̀ òfìfo, bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn wà lórí rẹ̀.

Ọ̀NÀ TÍ A Ń GBÀ DÉ IDÍ IṢẸ́ NÁÀ

Láti kíláàsì àgbà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni ọ̀nà náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ di ìmọ̀ ìṣirò, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti jọ́gíráfì mú ṣinṣin. Ìmọ̀ ọrọ̀ ajé, báyọ́lọ́jì àti físíìsì yóò sì ràn án lọ́wọ́. Kí òbí má ṣe rò pé ọmọ tí ó fẹ́ràn jọ́gíráfì kò ní ọjọ́ iwájú. Ẹni tí ó lè ka máàpù dáadáa ti mọ ohun tí ọ̀pọ̀ olówó kò mọ̀ nígbà tí wọ́n ń ra ilẹ̀.

Ní yunifásítì, orúkọ tí a sábà máa ń pe ẹ̀kọ́ náà ni Urban and Regional Planning. A ń kọ́ ọ ní Yunifásítì Èkó, Yunifásítì Ìbàdàn, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, FUTA ní Àkúrẹ́ àti LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́. Níbẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti kọ́ yíya máàpù pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, òfin ilẹ̀, ìṣirò iye ènìyàn, bí omi ṣe ń rìn, àti bí a ṣe ń bá ará ìlú fọ̀rọ̀ wérọ̀. Yóò lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó parí, lẹ́yìn náà ni yóò sin ilẹ̀ baba rẹ̀ fún ọdún kan.

Ìwé ẹ̀rí yunifásítì kò tó fún un láti máa fọwọ́ sí ìwé ètò. Ẹgbẹ́ àwọn olùṣètò ìlú ní Nàìjíríà, NITP, ti wà láti ọdún 1966. Ní ọdún 1988 ni òfin gbé ìgbìmọ̀ TOPREC kalẹ̀ láti máa forúkọ wọn sílẹ̀. Ẹni tí ó bá kúnjú òṣùwọ̀n ìdánwò wọn, tí ó sì ní ìrírí tó, ni ó lè fi èdìdì tirẹ̀ lu ìwé. Ó ṣe pàtàkì kí òbí mọ èyí kí wọ́n má baà rò pé ọmọ wọn ń fi àkókò ṣòfò. Bí dókítà kò ti lè dá nìkan ṣiṣẹ́ abẹ ní ọjọ́ tí ó gba ìwé ẹ̀rí, bẹ́ẹ̀ ni olùṣètò náà rí.

Ibo ni yóò ti rí iṣẹ́? Ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ nílò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ́fíìsì aládàáni tí ń pèsè ìwé ètò fún àwọn tí ó fẹ́ kọ́lé. Iṣẹ́ mìíràn tún wà tí ó ti inú ọ̀ràn búburú kan jáde. Ní ọdún 1988, àṣírí tú pé wọ́n kó pàǹtírí olóró láti Ítálì wá dà sí Koko, ní ibi tí ó jẹ́ Ìpínlẹ̀ Delta báyìí. Ní ọdún kan náà ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ tí yóò máa dáàbò bo àyíká sílẹ̀. Ní ọdún 1992, òfin jáde pé kí a tó gbé iṣẹ́ ńlá kan kalẹ̀, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bí yóò ti kan ilẹ̀, omi, afẹ́fẹ́ àti ènìyàn, kí a sì fi àbájáde rẹ̀ han aráàlú. Olùṣètò àyíká wà lára àwọn tí ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Kò lè dá a ṣe, nítorí ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Onímọ̀ ẹja, onímọ̀ ilẹ̀, agbẹjọ́rò àti apẹja fúnra rẹ̀ ni yóò jọ ṣe é.

AYÉ RẸ̀ LẸ́YÌN IṢẸ́

A dé ibi tí ìwé àlàyé iṣẹ́ kì í sábà dé. Nínú Bíbélì, iṣẹ́ agbọ́tí ọba ni Nehemáyà ń ṣe. Ìfẹ́ ìlú rẹ̀ ni ó gbé e kúrò ní ààfin. Nígbà tí ó dé Jerúsálẹ́mù, ó lo ọjọ́ 3 kí ó tó ṣe ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ni ó jáde lóru pẹ̀lú ènìyàn díẹ̀, ó yẹ odi náà wò láti ẹnu bodè dé ẹnu bodè. Ẹ̀yìn ìgbà tí ó ti fojú ara rẹ̀ rí i ni ó tó pe àwọn ará ìlú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì tún ibi tí ó kọjú sí ilé wọn mọ. Ó wò ó, ó bá wọn sọ̀rọ̀, ó sì fi iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́. Títí di òní, olùṣètò rere kò ní ọ̀nà mìíràn.

Ní Ẹ̀pẹ́ tiwa, a ní àpẹẹrẹ kan. Olóyè Shafi Lawal Edu, tí a bí ní Ẹ̀pẹ́ ní ọdún 1911, kì í ṣe olùṣètò nípa iṣẹ́. Oníṣòwò pàtàkì ni. Ṣùgbọ́n ìgbé ayé rẹ̀ lẹ́yìn òwò ni ó fi ràn wá lọ́wọ́ jù. Ní ọdún 1980, ó dá ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀ láti dáàbò bo igbó, ẹranko àti omi ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1990, ẹgbẹ́ náà ya ilẹ̀ hẹ́kítà 78 sọ́tọ̀ ní Lẹ́kìí. Lónìí, tí ilé ti yí ilẹ̀ náà ká lọ́tùn-ún lósì, ọ̀bọ ṣì ń fò lórí igi níbẹ̀, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sì lè rìn lórí afárá tí a so mọ́ òkè igi, tí ó gùn ní mítà 401, kí ó wo bí gbogbo agbègbè náà ti rí kí yanrìn tó dé. Olóyè náà kú ní ọdún 2002. Owó ìrànwọ́ kan ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ fún àwọn tí ń ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀ lórí àyíká. Àwọn ọmọ wa tí ó bá fẹ́ ka ìwé jìnnà, kí wọ́n mọ̀ ọ́n.

Àpẹẹrẹ kejì ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́, tí a bí ní ọdún 1931, tí ó sì kàwé ní Ìbàdàn Grammar School, ilé ẹ̀kọ́ onígbàgbọ́ bí tiwa. Jọ́gíráfì ni ó kà, ó sì di ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì lágbàáyé, láti 1980 sí 1984. Ó kọ ìwé lórí àwọn ìlú Yorùbá, ó sì gba àwọn ìjọba nímọ̀ràn. Nígbà tí ó ti fẹ̀yìn tì kúrò ní yunifásítì, kò kó máàpù rẹ̀ pamọ́. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí kò jìnnà sí Ẹ̀pẹ́, ó darí ìgbìmọ̀ kan tí àwọn ará ìlú gbé kalẹ̀ láti gbógun ti òṣì, ó sì jókòó pẹ̀lú àwọn tálákà àti àwọn ọlọ́jà láti gbọ́ ohun tí wọ́n nílò. Ó kú ní ọdún 2022, ní ẹni 90 ọdún.

Kí ni àwọn méjèèjì kọ́ wa? Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣètò ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìfẹ́ sí i ní ọjọ́ tí kò sí owó oṣù nínú rẹ̀. Olùṣètò tí kì í wọkọ̀ ojú omi kò ní mọ ohun tí ọ̀sà jẹ́ fún apẹja. Ẹni tí kò bá iyawo àti ọmọ rẹ̀ rìn ní àdúgbò ní ìrọ̀lẹ́ kò ní mọ ibi tí ọmọdé ti ń bẹ̀rù láti kọjá. Ẹni tí kì í bá àwọn ará àdúgbò kó gọ́tà kò ní mọ ibi tí omi ti ń dúró. Ìsinmi pẹ̀lú wà nínú rẹ̀: ẹni tí iṣẹ́ ti gbé gbogbo ọjọ́ rẹ̀ mì, tí kì í bá ẹbí jókòó, tí kì í rí àyè wọ ilé Ọlọ́run, yóò gbàgbé ẹni tí ó ń ṣètò fún.

Lẹ́yìn iṣẹ́ náà ni ìdánwò tí ó le jù ti ń dé. Ọ̀rẹ́, ìbátan, tàbí olówó kan yóò wá bá a nílé ní alẹ́ pé kí ó fọwọ́ sí ìwé ilé tí ó wà lójú ọ̀nà omi. Kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dà bí ẹ̀ṣẹ̀. Yóò pè é ní ìrànlọ́wọ́. Ọmọ tí a kò kọ́ ní òtítọ́ nílé, àṣẹ ìjọba kò lè kọ́ ọ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Nítorí èyí ni a fi gbà pé iṣẹ́ yìí yẹ ọmọ tí a tọ́ nínú ìbẹ̀rù Ọlọ́run.

OHUN TÍ Ó KÙ SÍ WA LỌ́WỌ́

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá sọ pé iṣẹ́ yìí ni òun fẹ́, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín. Ẹ mú un lọ sí etí ọ̀sà, ẹ jẹ́ kí ó wo ibi tí omi ń lọ, kí ẹ sì wá olùṣètò tí ó ní àṣẹ tí yóò bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ọ̀pọ̀ nínú yín ń ra ilẹ̀ ní Ìmọ̀tà, ní Ìtóìkín, ní Ẹ̀pẹ́ àti ní ọ̀nà Ìbẹ̀jú. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilẹ̀ pẹ̀lú ni ó yẹ kí a wò kí a tó san owó. Ẹ lọ wò ó ní ìgbà òjò, kì í ṣe ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan. Ẹ mú ìwé sọ́fè rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tí ó ń bójú tó ìwọ̀n ilẹ̀, kí wọ́n sọ bóyá ìjọba ti gbà á tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí olùṣètò bá yín béèrè ohun tí ètò ìlú ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ fún. Owó tí ẹ ó san fún un kéré púpọ̀ sí iye tí ẹ ó fi tún ilé tí omi wọ̀ ṣe. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ILÉ

1. Bí òjò bá rọ̀ ní àdúgbò wa, ibo ni omi rẹ̀ ń gbà dé ọ̀sà? Ta ni ó kọ́lé sí ojú ọ̀nà náà?

2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ awọnlẹ̀, ayàwòrán ilé àti olùṣètò àyíká?

3. Kí ni ó sọnù lọ́wọ́ àwọn tí a kó lọ sí Sùúrùlérè, bí ilé tuntun wọn tilẹ̀ dára? Báwo ni olùṣètò ṣe lè yẹra fún irú rẹ̀?

4. Bí ìbátan wa kan bá bẹ̀ wá pé kí a fọwọ́ sí ohun tí yóò darí omi sí ilé ẹlòmíràn, kí ni ìdáhùn wa yóò jẹ́?